Ẹ Bi Ìyá Ìbejì: Ẹja Ń Jẹun Lórí Àwo

Lẹ́tà mẹ́rin lórí èdè Japan ló wọlé sí mi láàárín oṣù kan ṣoṣo. Èmi ti rò pé ẹ ti gbàgbé pé mo gbé ibẹ̀ rí. Ọdún 11 ni mo lò ní Saitama, ìpínlẹ̀ tó wà ní àríwá Tokyo. Mo fi mẹ́rin nínú rẹ̀ ṣiṣẹ́ òru níléeṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń di bento, ìyẹn oúnjẹ inú ike tí àwọn èèyàn ń rà lọ síbi iṣẹ́. Ẹnu àwọn ìyá tí a jọ ń to ìrẹsì àti ẹja sínú ike ni mo ti kọ́ èdè náà. N kò jókòó ní kíláàsì yunifásítì kankan nítorí rẹ̀. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n èdè bá ń kà mí, kó ní sùúrù títí n ó fi parí.

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọmọ ọdún 22 ni mí. Orí fóònù ni mo ti ń kọ́ èdè Japan, ìdánwò N4 ti oṣù Kejìlá (ìpele kejì láti ìsàlẹ̀ nínú ìdánwò èdè Japan) ni mo sì ń múra sí. Wọ́n kọ́ mi pé “ga” ló ń tẹ̀lé ẹni tó ń ṣe nǹkan, “o” ló ń tẹ̀lé ohun tí wọ́n ń ṣe nǹkan sí. “Hon o yomu”: ó ń ka ìwé. Èyí yé mi. Ìgbà tí mo dé orí “lè” ni gbogbo rẹ̀ dojú rú: “Kanji ga yomeru.” Ṣé kanji ló wá ń kàwé ni? — Ojú Ti Pọ́n Mi, Abẹ́òkúta

Rọra, ọmọ mi. Kanji kò kàwé. (Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀, kanji ni àwọn àmì ìkọ̀wé tí àwọn ará Japan yá lọ́wọ́ China láyé àtijọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké bíi “ga” àti “o” tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè ní joshi.)

“Lè” gan-an ló kó ẹ sí wàhálà. O túmọ̀ gbólóhùn náà sí “mo lè ka kanji”. Bí o bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ìwọ ti di olùwà, kanji ti di àbọ̀, wàá sì máa wá “o” kiri. Bẹ́ẹ̀, Yorùbá ní ọ̀rọ̀ mìíràn tó bá a mu ju “lè” lọ, o sì ń lò ó lójoojúmọ́: “ṣeé”. Omi yìí ṣeé mu. Ewé yẹn kò ṣeé jẹ. Ta ni olùwà nínú “omi yìí ṣeé mu”? Omi ni. Ǹjẹ́ omi ló ń mu nǹkan? Rárá o, kò sì sẹ́ni tó máa ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́.

Ó parí. “Kono mizu wa nomeru”: omi yìí ṣeé mu. “Kanji ga yomeru”: kanji ṣeé kà. Ìwọ tó ń kà á ńkọ́? Iwájú pátápátá ni wọ́n máa ń gbé ẹ sí, pẹ̀lú “wa”: “Watashi wa kanji ga yomeru”, ní tèmi o, kanji ṣeé kà. “Wa” yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ “ní ti” wa. Nígbà mìíràn wọn á fi “ni” sí ẹ̀yìn ẹni náà, bíi “fún” tiwa: “Kodomo ni mo yomeru”, ó ṣeé kà fún ọmọdé pàápàá. (Má jẹ́ kí “ni mo” yẹn tàn ẹ́ jẹ, kì í ṣe tiwa. “Mo” tiwọn ni “náà” tàbí “pàápàá”.)

Ìrù kan náà yìí, ìyẹn “eru” tó wà lẹ́yìn yomeru, ni wọ́n ń lò fún “mọ̀ ọ́n” pẹ̀lú. “Piano ga hikeru”: ó mọ dùùrù tẹ̀. Ohun tí àwa pín sí “lè”, “mọ̀ ọ́n” àti “ṣeé”, ojú kan ni wọ́n kó o sí. Èmi kò rò pé ó sàn ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n kò wúwo lẹ́nu.

Bí wọ́n ṣe ń so ìrù náà kò le. Ọ̀rọ̀-ìṣe ẹgbẹ́ kìn-ín-ní, yọ “u” tó gbẹ̀yìn, kí o fi “eru” dípò rẹ̀: yomu di yomeru, kaku di kakeru, hanasu di hanaseru, iku di ikeru. Matsu, ìyẹn dúró de, ló ṣe yàtọ̀ díẹ̀, materu ni tirẹ̀. Ẹgbẹ́ kejì ni irú taberu (jẹ) àti miru (wò): yọ “ru”, fi “rareru” sí i, taberareru, mirareru. Kuru (wá) di korareru. Suru (ṣe) kò gba ìrù rárá, odindi ọ̀rọ̀ mìíràn ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀: dekiru. “Nihongo ga dekimasu”, mo gbọ́ èdè Japan. (“Masu” tó wà lẹ́yìn yẹn ni wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fúnni.)

Wàá gbọ́ “kanji o yomeru” náà lẹ́nu wọn, kì í ṣe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n ní ti dekiru, má dán “o” wò, “ga” ni kí o fi síbẹ̀. Ìwọ tó ń lọ ṣe ìdánwò, fi “ga” ṣe ìrọ̀rí títí wàá fi ṣe é tán.

Kìkì pé kí o má ṣe bíi tèmi. Nígbà tí mo kọ́ “ga” yìí tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi sí ibi gbogbo. Lóru ọjọ́ kan, nígbà ìsinmi agogo méjì òru, ìyá kan tó jókòó tì mí bi mí bóyá mo máa ń jẹ ẹja. Mo gbójú sókè, mo dá a lóhùn: “Hai, sakana ga tabemasu.” Ìyá yìí kò rẹ́rìn-ín. Ó bojú wo ẹja yíyan tó wà lórí àwo rẹ̀, ó tẹ orí sún mọ́ ọn, ó sì bi ẹja náà pé: “Nani o?”

Kí lò ń jẹ? Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Ohun tí mo sọ ni pé ẹja ń jẹun. “Sakana o tabemasu” ló yẹ kí n sọ, mo máa ń jẹ ẹja. Tàbí “Sakana ga taberaremasu”, ẹja ṣeé jẹ fún mi. Bí kò bá sí ìrù “lè” lára ọ̀rọ̀-ìṣe, “ga” á sọ ẹja di ẹni tó ń jẹun. Ẹ sì wo bí ìyá yẹn ṣe parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí “o”: joshi kan péré, ó ti jẹ́ kí ẹja mọ̀ pé ohun tó ń jẹ lòun ń béèrè. Títí mo fi kúrò níbẹ̀, bí mo bá ti gbé àwo jáde báyìí, ẹnì kan á bi àwo mi pé “Nani o?”

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni ọdún 71 ni mí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Nagoya ni ọmọ mi ọkùnrin ń gbé, ó fẹ́ ọmọ ibẹ̀, wọ́n sì bí obìnrin kan tó pé ọdún mẹ́fà báyìí. Orí fóònù la ti ń ríra, ọmọ náà sì máa ń tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Mo bi í pé: “Kōen ni asobimasu ka?”, ṣé ọgbà ìṣeré lo ti máa ń ṣeré? Ó ké mọ́ mi: “De! Ojīchan, de!” Ṣebí “ni” ni wọ́n fi ń sọ ibi tí nǹkan wà, bíi “ní” tiwa? — Bàbá Àgbà, Ìjẹ̀bú-Òde

Bàbá wa, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ọmọ yẹn gba nǹkan lọ́wọ́ yín, tíṣà ni.

Òótọ́ ni pé “ni” tiwọn jọ “ní” tiwa, àfi pé tiwa máa ń ṣáájú, tiwọn máa ń kẹ́yìn. Àwa ń sọ pé “ní Nagoya”, àwọn ní “Nagoya ni”. Ìyẹn gan-an ló ń dẹ pańpẹ́ fún wa. Àmọ́ ẹ̀yin fúnra yín ti kọ ìdáhùn sínú lẹ́tà yín, ẹ ò kàn ṣàkíyèsí ni. Ẹ kọ ọ́ pé “Nagoya ni ọmọ mi ń gbé”. Ẹ tún kọ ọ́ pé “ọgbà ìṣeré lo ti máa ń ṣeré”. Kí ló wọ inú èkejì tí kò sí nínú èkíní? “Ti” ni.

Ẹ fi gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe yín dán an wò. Níbo ló wà? Níbo ló ń gbé? Kò sí “ti”: “ni” ni àwọn ará Japan máa lò. “Nagoya ni sunde imasu.” Níbo ló jókòó sí? Níbo ló kọ ọ́ sí? “Sí” ni, “ni” náà ni. Ṣùgbọ́n níbo lo ti jẹun? Níbo lo ti rà á? Níbo lo ti ń ṣeré? Ibi tí “ti” bá ti yọjú, “de” ni: “Kōen de asobimasu ka?” Ọdún kejì tí mo débẹ̀ ni mo ṣàkíyèsí èyí, lẹ́yìn tí mo ti sọ “kōjō ni hatarakimasu” fún ẹni tó lé ní ogún, pé iléeṣẹ́ ni mò ń ṣiṣẹ́, dípò “kōjō de”. “Ti” lè tàn yín jẹ lẹ́ẹ̀kan péré, níbi “níbo lo ti ń bọ̀?”, ìyẹn “kara” ni, nítorí “láti” ló wà nínú rẹ̀.

Ní ti àkókò, “ni” wọn àti “ní” wa fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu: “shichi-ji ni”, ní agogo méje. Àfi àwọn bíi òní, ọ̀la àti àná. Àwa há “ní” mọ́ inú wọn, a ní “lónìí”, “lọ́la”, “lánàá”. Tiwọn kò gba “ni” kankan. “Kyō” lásán, ìyẹn òní, ni wọ́n ń pè.

Ibi tí a bá ti ń lo “fi”, “de” ló tún wà níbẹ̀. “Hashi de taberu”: ó ń fi igi méjèèjì yẹn jẹun. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí dá yín lára yá, nítorí etí Yorùbá mọ ohùn. Ní Tokyo, igi ìjẹun ni “háshì”, ohùn òkè ló ṣáájú. Afárá ni “hàshí”. Etí nǹkan, bí etí tábìlì, òun náà “hàshí”. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ afárá yàtọ̀ sí etí tábìlì? Joshi ló ń tú u fó. Afárá: “hàshí gà”, ohùn á já wálẹ̀ lórí “ga”. Etí tábìlì: “hàshí gá”, ohùn kò sọ̀ kalẹ̀. Àwọn òyìnbó tí a jọ wà ní kíláàsì ọ̀fẹ́ ọjọ́ Sátidé fi oṣù méjì wá ìyàtọ̀ yìí. Mo gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀, mo sì ṣe ìgbéraga fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Ó ku “ni” wa tí kò ní àmì lórí, ti “Adé ni ó wá”. Ẹ má fi “ni” wọn túmọ̀ rẹ̀ láéláé. “Ga” ni. “Dare ga kimashita ka?”, ta ni ó wá? “Ade ga kimashita”, Adé ni ó wá. Bí ẹ bá sọ pé “Ade wa kimashita”, ó di “Adé ní tirẹ̀ wá”, ọmọ náà á sì máa dúró kí ẹ sọ ti àwọn tí kò wá. Bí àwa kì í sọ “ta wá?” láìfi “ni” sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kì í sọ “dare wa” níbi báyìí.

Bí ẹ bá wá ń kọ lẹ́tà sí ọmọ náà, àmì は tí wọ́n ń pè ní “ha” nínú ọ̀rọ̀ mìíràn, “wa” ni wọ́n ń pè é bó bá jẹ́ joshi. Wọ́n tún àkọtọ́ wọn ṣe ní 1946, wọ́n sì dá は, へ (joshi “e”) àti を (joshi “o”) sí gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin tíṣà Yorùbá tí ẹ ti jà lórí “aiye” àti “ayé” mọ irú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, Osaka ni mo wà, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá pè mí síbi ìgbafẹ́ tí àyè kò sì sí, mo máa ń sọ pé “Ikimasen”. Gbogbo wọn á kàn dákẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ní “ikemasen” ni kí n máa sọ. Fáwẹ́lì kan ṣoṣo, kí ló burú ńbẹ̀? — Àbúrò Yín, Osaka

Ó burú o, àbúrò mi. Bí ìyá ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ bá pè ọ́ síbi ìsọmọlórúkọ, ṣé wàá wò ó lójú kí o ní “Mi ò lọ”? Ohun tí ò ń sọ fún wọn nìyẹn. “Ikimasen”: mi ò lọ. “Ikemasen”: mi ò ní lè lọ. “I” yẹn ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn lójú, “e” ní ẹsẹ̀ ni kò gbé e.

Èmi náà ṣe é, fún ọ̀gá mi pàápàá. Oṣù Kejìlá ni wọ́n máa ń ṣe bōnenkai, àríyá tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń gbàgbé wàhálà ọdún. Ọ̀gá wa wá síbi tí mo ti ń fọwọ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní: “Bōnenkai, ikemasu ka?” Ó bi mí bóyá àyè máa wà. Ara àwọn ìbejì kò yá nílé, n kò lè lọ. Mo rẹ́rìn-ín padà, mo ní: “Ikimasen!” Mo tún fi ohùn dídùn sọ ọ́, kó lè mọ̀ pé mo bọ̀wọ̀ fún òun. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ní “Sō desu ka”, ṣé bẹ́ẹ̀ ni, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọn kò pè mí mọ́. Ìgbà tí mo rí ojú ìwé “yomimasu, yomemasu” nínú ìwé mi ni mo dúró sójú kan, tí ara mi gbóná.

Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ kò parí ọ̀rọ̀. “Ikemasen” lásán, láìsí nǹkan níwájú tàbí lẹ́yìn rẹ̀, ni ìyá máa ń sọ fún ọmọ tó ń fọwọ́ kan iná: kò dáa, má ṣe é. Nítorí náà, gbé e jókòó dáadáa: “Sumimasen, sono hi wa ikenai n desu.” Ẹ má bínú, ọjọ́ yẹn ni kò ní ṣeé ṣe. “Wa” tó wà lẹ́yìn “sono hi” ń ṣiṣẹ́ ńlá níbẹ̀: ọjọ́ yẹn nìkan ni mo kọ̀, n kò kọ̀ yín. Àwọn onílé fúnra wọn kì í tilẹ̀ débẹ̀. Wọn á ní “Sono hi wa chotto...”, ọjọ́ yẹn kàn... wọn á sì jẹ́ kó dákẹ́ síbẹ̀.

Mà, ìwé ní “taberareru”, gbogbo àwọn ọ̀dọ́ tí mò ń wò lórí YouTube ń sọ “tabereru”. Ta ni kí n gbà gbọ́? Ẹ tún bá mi la “mieru” àti “mirareru”. — Ọmọ Mushin

Ìwọ àti Ojú Ti Pọ́n Mi, ẹ lọ mọra yín. Ìwé ni kí o gbà gbọ́ fún ìdánwò, àwọn ọ̀dọ́ ni kí o gbà gbọ́ fún ọjà. “Ra” ni wọ́n yọ, ra-nuki ni orúkọ rẹ̀, àwọn àgbà sì ti ń ráhùn lórí rẹ̀ tipẹ́. Ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ni èmi wà. “Taberareru” ń ru ẹrù méjì: ó lè jẹ́ “ó ṣeé jẹ”, ó sì lè jẹ́ “wọ́n jẹ ẹ́”. “Tabereru” kì í ṣe ju “ó ṣeé jẹ” lọ. Iléeṣẹ́ ìjọba wọn tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ àṣà máa ń ṣe ìwádìí lórí èdè. Nínú ti ọdún 2015, fún ìgbà àkọ́kọ́, àwọn tó ń sọ “mireta” ju àwọn tó ń sọ “mirareta” lọ, 48.4 nínú ọgọ́rùn-ún sí 44.6.

“Mirareru” ni pé àyè wà láti wo nǹkan: o sanwó, o wọlé, o wò ó. “Mieru” ni pé nǹkan náà hàn sí ọ láìjẹ́ pé o wá a. Bí òkè bá wà níwájú rẹ, ojú rẹ kò sì fọ́, “mieru”. Bẹ́ẹ̀ náà ni “kikoeru”, ohùn ń dún sí mi létí, àti “kikeru”, àyè wà fún mi láti gbọ́ ọ.

Mo sanwó rẹpẹtẹ lórí ìyàtọ̀ yìí rí. Wọ́n ní kí n gba ìjókòó E nínú ọkọ̀ ojú irin Shinkansen láti Tokyo lọ sí Osaka, apá ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, pé bó bá tó bí ìṣẹ́jú 45, òkè Fuji á yọ. Mo gbé fóònù dání láti ìṣẹ́jú 30. Ìkùukùu funfun báláú ni mo rí. Mo yíjú sí bàbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ní “Fuji-san ga mirarenai”, bí ẹni pé wọ́n ti ilẹ̀kùn òkè náà pa tàbí pé mi ò rí tíkẹ́ẹ̀tì rà. Bàbá náà yọ ojú wo fèrèsé, ó mi orí. “Kyō wa miemasen ne,” ó ní, òkè náà kò hàn lónìí, ó sì ṣí bento rẹ̀.